Bí a ṣe yẹ ilé ìtọ́jú àgbà méjì wò fún ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mẹ́rin ni ìyá yìí bí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì jọ ránṣẹ́ pè mí. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ìtọ́jú ọpọlọ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo sì fìdí kalẹ̀ sí. Ilé mi ni wọ́n máa ń júwe fún ẹni tí ọ̀rọ̀ arúgbó ilé rẹ̀ bá ti kọjá agbára rẹ̀. Oògùn kọ́ ni wọ́n bá wá lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ti gbúròó ilé ìtọ́jú méjì ní apá Rẹ́mọ, wọ́n sì fẹ́ kí n bá wọn yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó gbé ìyá wọn lọ. Bó ṣe lọ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Wọ́n yọ̀ǹda kí n kọ ọ́. Mo ti yí àwọn nǹkan tí èèyàn fi lè dá wọn mọ̀ padà, n kò sì ní dárúkọ ilé kankan.

Ẹni ọdún 78 ni Màmá, opó ni. Aṣọ ló tà ní ọjà Òkè-Ajé, ẹni tó lè fi ẹnu ṣírò owó lééṣì yáàdì márùn-ún kí ẹ tó fa ẹ̀rọ ìṣirò yọ lápò. Mùsùlùmí ni, kì í pa Aṣálátù ọjọ́ Àìkú jẹ. Nígbà tí ara ṣì le, bó bá ti di ọjọ́ kẹta Iléyá, kò sí ohun tó lè dá a dúró kó má bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ dé Ojúde Ọba. Ṣẹ́ńjì ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ pé nǹkan ti ń yí. Ó ń fún oníbàárà ní ṣẹ́ńjì tó lé, ó ń gba owó ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n bá sì sọ̀rọ̀, ìjà ni. Lẹ́yìn náà ó fẹ̀sùn olè kan ọmọ tó ń bá a tajà. Ó gbé ìkòkò ka iná gáàsì, ó lọ sùn. Èyí tó wá jí gbogbo ilé ni ti ìdájí ọjọ́ kan tó wọ aṣọ ìsùn jáde, ó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti gbé fún ẹlòmíràn. Àwọn ọlọ́kadà ní Ìbàdàn Gáréèjì ni wọ́n dá a mọ̀, tí wọ́n gbé e padà sílé.

Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣágámù kí wọ́n tó pè mí, dókítà tó rí i níbẹ̀ sì ṣiṣẹ́ gidi. Kò kàn wo ojú rẹ̀ kó ní ogbó ni. Àwọn ohun tó ń mú iyè ra tí oògùn sì lè wò ló kọ́kọ́ wá: bóyá fítámì B12 ló dín lára rẹ̀, bóyá ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa, bóyá àrùn kan ló sápamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí èyíkéyìí níbẹ̀. Àwòrán ọpọlọ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké jẹ́, bí iyè rẹ̀ sì ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ fi hàn pé Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan, náà ti wọ̀ ọ́. Àrùn méjèèjì máa ń wà pọ̀. Ó kọ donepezil fún un pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwọn kan ládùúgbò ti ń sọ ọ̀rọ̀ àjẹ́ lábẹ́lẹ̀, nítorí pé Màmá ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ẹ má fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Wọ́n ti lu ìyá arúgbó bí ẹni máa kú nílẹ̀ yìí lórí ohun tí kò ju àrùn lọ.

Ọmọ kẹta, obìnrin, ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo wọn ìfúnpá tirẹ̀ fúnra rẹ̀, 180 lórí 110 ni mo bá. Kì í sùn lóru, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa. Èkejì wà ní Ireland, òun ló ń fi owó tó pọ̀ jù ránṣẹ́. Àbíkẹ́yìn wà ní Àbújá, ohun tí wọ́n bá ti fẹnu kò sí ni òun gbà. Àkọ́bí, tó ń gbé ní Ìkòròdú, ni kò fẹ́ gbọ́. "Ọmọ mẹ́rin, kí ìyá wa wá máa gbé ilé onílé! Kí la máa sọ fún àwọn ará Aṣálátù?" Ó tún ní àrùn òyìnbó ni, a kì í ṣe irú ẹ̀ nílé wa.

Mo dá a lóhùn lórí méjèèjì. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí àrùn yìí láàárín àwọn Yorùbá Ìbàdàn ní 1992, wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001, nínú 100 àgbà tó ti tó ẹni ọdún 65, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn, 3.24 lọ́hùn-ún. Tiwa kéré sí tiwọn, àmọ́ ó wà, Yorùbá ló sì ń ṣe. Ní ti ilé onílé, nígbà tí Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954, inú ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan tó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán, wọ́n ń sùn lábúlé lálẹ́. Gbogbo ayé ló wá wò ó. Kò sẹ́ni tó ní àwọn mọ̀lẹ́bí wọ̀nyẹn ju èèyàn wọn nù. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti gbọ́, àmọ́ òun kò tíì gbà.

Kí n tó fẹsẹ̀ kan ilé ìtọ́jú kankan, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó ti Màmá láti ọ̀sán títí wọ́n á fi sùn. Ẹni tí kò mọ ẹni tó ń wá ilé fún, kí ló fẹ́ lọ yẹ̀ wò? Ọ̀sán rọrùn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀ kan tó ti dolóògbé, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà. Bí oòrùn ti ń wọ̀, ó dìde. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé abọ́, ó gbé e kalẹ̀. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó bu omi, ó dà á sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ń mú àkísà tẹ̀ lé e: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi sílẹ̀ mọ́, ẹ máa yọ̀ ṣubú." Màmá bínú, ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá.

Gbogbo àwa tí a ti ṣiṣẹ́ yìí la mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ máa ń le fún wọn. Ó ti rẹ ọpọlọ, òjìji ń pọ̀ sí i nínú ilé, iná NEPA sì lè lọ nígbàkigbà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé mi kí ọ̀rọ̀ parí. Àfi bí wọ́n ṣe pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé, tí mo rí i bí Màmá ṣe yíjú síbẹ̀. Mo béèrè pé, "Bútà wọn dà?" Ọmọ ní àwọn ti gbé e pamọ́ látìgbà tí wọ́n ti ń da omi sí pálọ̀. Ọmọ-ọmọ lọ wá a jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a gbé àpótí sí ẹ̀bá gọ́tà. Màmá jókòó. Ó fọ ọwọ́, ó yọ omi lẹ́nu, ó fín in símú, ó bọ́jú, ó wẹ apá dé ìgúnpá, ọ̀tún ṣáájú òsì, ó fi ọwọ́ tútù pa orí àti etí, ó fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀. Kò ṣì í níbì kankan. Lórí ẹní, ó gbàgbé iye rákà tó ti kí. Ìyẹn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tó sálámà tán, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó béèrè oúnjẹ.

Ibi tí ọpọlọ ń kó ohun tí ọwọ́ ti ṣe láìmọye ìgbà sí yàtọ̀ sí ibi tó ń kó ìròyìn àná sí, àrùn yìí sì máa ń pẹ́ kó tó ba ti ọwọ́ jẹ́. Àlùwàlá mọ̀gáríbì ni obìnrin yìí ń wá kiri inú ilé, tí a ní ó ń fi omi ṣeré. N kò ní kó jẹ́ pé gbogbo ìrìnkiri ìrọ̀lẹ́ ló ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo wá ní ìbéèrè kan tí mo gbé lọ sí Rẹ́mọ ju gbogbo èyí tó wà nínú ìwé mi lọ: bí ara ẹnì kan kò bá balẹ̀ nínú ilé yín, ta ló máa ń béèrè ìdí rẹ̀?

Ilé àkọ́kọ́ ni èyí tí ọmọ tó wà ní Ireland rí lórí Facebook. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ọ̀dà funfun, kámẹ́rà ní gbogbo igun, ínfátà, táìlì tó ń dán bíi dígí. Táìlì náà ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ojú ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe lè rí ilẹ̀ tó ń dán bí omi tó dúró. Á gbé ẹsẹ̀ sókè jù, tàbí kó kọ̀ láti rìn. Ibẹ̀ ni ìdí ti ń ṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wá gbọ́dọ̀ pe àwọn ní ọjọ́ kan ṣáájú. Mo pè, mo lọ, wọ́n fún mi ní mált. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá lọ láìpè, lọ́wọ́ àárọ̀ tí oòrùn ti mú.

Àgbà mẹ́jọ ló wà ní pálọ̀, gbogbo wọn àfi ẹyọ kan ló ti gbé àgbọ̀n lé àyà, wọ́n ń sùn. Fíìmù òyìnbó ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Àgbà máa ń tòògbé, ta ni kò mọ̀? Àmọ́ kí gbogbo wọn sùn pọ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀, ó nídìí. Mo ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn fún mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oògùn tó ní orúkọ olúkálukú, ìgò Phenergan olómi ńlá kan wà tí kò ní orúkọ ẹnì kankan, ife kékeré tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n sì ti lẹ̀ mọ́ ìdérí rẹ̀ nítorí ṣúgà. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn kò parọ́ fún mi. "Òun la fi máa ń jẹ́ kí wọ́n balẹ̀, mà."

Kí n ṣàlàyé èyí, nítorí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, kì í ṣe ilé ìtọ́jú nìkan. Phenergan àti Piriton máa ń mú oorun wá, òótọ́ ni. Àmọ́ wọ́n ń dènà acetylcholine, ohun tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láàárín ara rẹ̀, tí ó sì ti dín lára ẹni tó ní Alzheimer. Donepezil tí dókítà kọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ohun kan náà má tètè tán. Ẹ ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbìn, ẹ ń fi ọwọ́ òsì tu. Ìdàrúdàpọ̀ á pọ̀ sí i, ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á há, ìtọ̀ á dúró, ẹsẹ̀ á fì. Ní ti àwọn oògùn àrùn ọpọlọ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú haloperidol àti Largactil, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní 2005 lórí àwọn tuntun, ní 2008 lórí àwọn ti àtijọ́, pé wọ́n ń fi kún ikú àwọn arúgbó tó ní àrùn ìgbàgbé. Ìgbà mìíràn wà tí dókítà á lò wọ́n tọkàntọkàn, ní ìwọ̀n kékeré, fún ìgbà díẹ̀. Ìgò tí kò lórúkọ kọ́ nìyẹn.

Bàbá kan ṣoṣo tí kò sùn ń béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó ní òun ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìntì tipẹ́, ẹ ò ní mọ́tò." Bàbá fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó tún béèrè, ó tún sọ ọ́ fún un. Ìborùn kan wà lára apá àga bàbá yìí, ó ti di kókó, ó ti gbó níbi tí wọ́n ti ń fà á. Máníjà ní kí wọ́n má bàa ṣubú ni. Ẹni tí a so mọ́ àga yóò fẹ́ já. Bó bá sì ṣubú pẹ̀lú àga, ìṣubú rẹ̀ á burú ju ti ẹni tó ń rìn lọ. N kò dá ọmọbìnrin yẹn lẹ́bi. Ọ́sílárì ni, àárọ̀ àná ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, òun nìkan ló sì máa ń wà pẹ̀lú àgbà mẹ́rìnlá lóru, òkè àti ìsàlẹ̀.

Mo bi máníjà ní ìbéèrè tèmi. Ó ní ẹni tó bá ń rìn kiri nírọ̀lẹ́, àwọn máa ń tètè fún un ní oògùn rẹ̀ ni. Mo béèrè nípa ìrun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́: "Gbogbo wa la jọ ń ṣe àdúrà òwúrọ̀ níbí, mà, kò sí ìyàtọ̀."

Ilé kejì, ilé ilẹ̀ ni, géètì rẹ̀ ti dípẹtà, òórùn Izal àti ẹja gbígbẹ ló kí mi káàbọ̀. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì ló ni ín, inú rẹ̀ ló ń gbé, mátírọ́ọ̀nù ni gbogbo wọn ń pè é. Àgbà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ìyá kan jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìdajì ẹ̀gúsí ló ń bá èèpo lọ. Ọmọ tó jókòó tì í kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ìyá wọlé lọ tọ̀, ó fa abọ́ èèpo mọ́ra, ó ṣa ẹ̀gúsí inú rẹ̀ jáde, ó dá èyí tí wọn kò tíì bó padà sínú igbá kó tó dé. Mo wo ìyẹn pẹ́. Ìyá mìíràn ń sunkún pé òun ń lọ bá ìyá òun nílé. Mo dúró kí n gbọ́ ohun tí wọ́n máa wí. "Kí ni ìyá yín máa ń sè fún yín jù?" Ó ní ìkókórè. Ọ̀rọ̀ iṣu ewùrà àti ẹja ni wọ́n sọ títí ẹkún fi tán.

Ẹ má rò pé ilé kejì pé. Ilé ìwẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan lẹ́nu ọ̀nà, kò sí irin ìdìmú kankan. Pákó tó bo kànga ti jẹrà lápá kan. Sílíńdà gáàsì wà ní kọ́rídọ̀. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni irin: gbogbo fèrèsé ló ní irin bọ́gílárì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ní àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ ìrọ̀rí mátírọ́ọ̀nù. Bí ilé bá gbiná lóru, tí mátírọ́ọ̀nù kò sì sí nílé ńkọ́? Ó dákẹ́. Ó ní òun kò rò ó síbẹ̀, olè lòun ń rò.

Olúkálukú ní ìwé ẹ̀ṣẹ́sáìsì tirẹ̀: ohun tó jẹ, ohun tó mu, ìgbà tó yàgbẹ́, oògùn tó gbà, ìwọ̀n ara rẹ̀ lóṣooṣù. Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn, ibì kan wà tí òfo ṣẹlẹ̀, ọjọ́ kan náà ni nínú gbogbo wọn. Mátírọ́ọ̀nù ní òkú lòun lọ sin. Ó wá yé mi pé bí òun kò bá sí níbẹ̀, ìwé kò sí. Ilé kékeré tó dúró lórí ẹnì kan ṣoṣo, ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹni náà bá ṣàìsàn.

Àkókò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì mátírọ́ọ̀nù kò tíì tán, mo rí i. CAC rẹ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò, wà, àmọ́ ìyẹn kò sọ ju pé òwò rẹ̀ lórúkọ. Ilé tó ń gba àgbà sọ́dọ̀ yẹ kó di mímọ̀ fún Ilé-iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Obìnrin àti Ìdàgbàsókè Àwùjọ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Lẹ́tà tó kọ sí wọn ló fi hàn mí, kò rí èsì gbà. Ilé àkọ́kọ́ náà kò ní ju CAC lọ, òun ni wọ́n fi férémù gbé kọ́ ara ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nílé kejì wá láti Benue, kò gbọ́ ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú, Màmá kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ òmíràn mọ́. Èkejì gbọ́ ọ dáadáa.

Mo wá bi mátírọ́ọ̀nù: "Bí ìyá kan bá ń da omi ká gbogbo ilé nírọ̀lẹ́ ńkọ́?" Kò dá mi lóhùn, òun náà béèrè ni. "Aago mélòó? Ṣé ó ń wá ilé ìtọ̀ ni? Ṣé Mùsùlùmí ni wọ́n?" Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, àmọ́ ọkọ àbúrò rẹ̀ ń kírun.

Èmi àti ọmọ kẹta tún lọ sí ilé méjèèjì lálẹ́, lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, láìsọ fẹ́nikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ òru ni mo gbà á ní dandan jù fún ẹni tó bá ń wá irú ilé yìí. Ọ̀sán ni àlejò ń wá, ọ̀sán ni wọ́n ń gbálẹ̀ dè. Ní ilé àkọ́kọ́, gétímáànù ní ká padà wá lọ́la. Ẹnì kan ń pariwo lókè, a kò rí iná kankan. A dúró lẹ́nu géètì fún ìgbà díẹ̀, igbe náà kò dáwọ́ dúró, a kò sì gbọ́ ohùn ẹlòmíràn. Ní ilé kejì, ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnì kan tó fi tọ́ọ̀ṣì yọ. Kò ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí a sọ orúkọ wa, ó lọ jí mátírọ́ọ̀nù kó tó jẹ́ ká wọlé. Inú mi dùn sí i pé kò tètè ṣí i fún wa. Àgbà kan tí oorun ń kùn ún jókòó sórí àga, ó ń mu ògì, ọmọ náà jókòó tì í. Àmọ́ kò sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti má sùn. Oorun tí wọ́n bá sùn ni àgbà ń jí wọn nínú rẹ̀.

Ìpàdé ẹbí, orí WhatsApp ni. Owó ilé àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èkejì, ọmọ tó wà ní Ireland sì fẹ́ san án, nítorí kámẹ́rà. Ó ní òun á máa rí ìyá òun lórí fóònù. Mo ní kámẹ́rà á fi yàrá hàn án, kò ní fi ohun tó wà nínú ife hàn án. Ó sunkún díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí kò fẹ́ gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló wá béèrè pé, "Obìnrin ẹlẹ́gùúsí yẹn, ṣé òótọ́ ni?" Ilé kejì ni wọ́n mú, àmọ́ a kọ àdéhùn sílẹ̀, mátírọ́ọ̀nù fọwọ́ sí i. Oṣù kan fún ìdánwò, tí wọ́n á dá owó tó kù padà bí kò bá bá ara mu. Kò sí oògùn oorun kankan láìsí ìwé dókítà àti láìpe ọmọ kẹta. Irin ìdìmú sí ilé ìwẹ̀, ìdérí kànga tuntun, gáàsì síta. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á wà ní ìlọ́po méjì, ọ̀kan á kọ́ sára ògiri níbi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ti tó o, tí Màmá kò ní rí. Ẹnì kan tí kò ní sùn lóru, tí ẹbí fi díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ra irin ìdìmú, ó sì mú wẹ́dà tirẹ̀ wá láti Ìkòròdú, bíi pé kò sí wẹ́dà ní Rẹ́mọ.

Wọ́n gbé Màmá lọ pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀, àpótí ìjókòó rẹ̀, ẹní ìrun, bútà, àti ìwé ojú kan tí mo ní kí àwọn ọmọ kọ: oríkì tí wọ́n fi ń pè é nílé bàbá rẹ̀, orúkọ àwọn tó ti kú tó máa ń béèrè, orin wákà tó fẹ́ràn, ohun tó ń bí i nínú. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ le. Ó kọ oúnjẹ, gàrí Ìjẹ̀bú rírẹ nìkan ló fẹ́. Nọ́ọ̀sì bíi tèmi máa ń bẹ̀rù gàrí rírẹ fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti ń lọ́ra, nítorí omi á ṣáájú, gàrí á kù, ó lè gba ibi tí kò yẹ. Mátírọ́ọ̀nù gbé e jókòó ṣánṣán, ó jẹ́ kó rọ̀ dáadáa, ó ń fi ṣíbí kékeré bù ú. Ẹ̀pà nìkan ni kò gbà.

Kí oṣù ìdánwò tó pé, Màmá jí lárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ wúwo. Nígbà tí wọ́n gbé bútà síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń wò ó lásán. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n á ní àrùn rẹ̀ ló ti le sí i. Àmọ́ àrùn ìgbàgbé kì í fò bẹ́ẹ̀ láàárín òru kan. Bí ẹni tó ní i bá yí padà lójijì láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, ẹ wá àrùn mìíràn: ìtọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, omi ara tó gbẹ, ìgbẹ́ tó há, oògùn tuntun. Mátírọ́ọ̀nù ti wọn ìgbóná ara rẹ̀, ó ti gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú ìgò, ó sì ti pe dókítà àti ọmọ kẹta kí wọ́n tó pè mí. Kòkòrò ló wà nínú ìtọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn, ojú rẹ̀ là láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí ìyẹn ni Ẹ̀gbọ́n fi gbà.

Ọmọ kẹta ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ padà, ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì ń wọ mọ́tò lọ sí Rẹ́mọ láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn láàárín àwọn ìyá Aṣálátù, kò bá wọn jà. Ó gbà wọ́n ní mọ́tò, ó kó wọn lọ kí Màmá lọ́jọ́ Àìkú kan. Wọ́n kọ wákà, Màmá gbè é.

Ohun tó kù nílẹ̀ pọ̀. Èsì lẹ́tà ìjọba kò tíì dé. Ìwé ẹ̀ṣẹ́sáìsì ti ń pé lọ́jọ́ tí mátírọ́ọ̀nù kò sí, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ kò tíì mọ́ ọn. Ọmọ tó ń ṣọ́ òru ti bá iṣẹ́ lọ sí Èkó, wọ́n ti gba òmíràn, n kò sì tíì mọ bí oorun ti ẹni yẹn ṣe rí. Mo ti ní kí ẹbí má san owó oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ títí èmi àti ọmọ kẹta á fi tún lọ lálẹ́.